Dùndún kò gba ìpín mẹ́ta Rajewsky

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ fi ìpín mẹ́ta tí Irina Rajewsky, onímọ̀ nípa bí mídíà (ìwé, eré, orin àti irú wọn) ṣe ń bá ara wọn tan, là sílẹ̀ yẹ ìlù dùndún wò nínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ. Mo ti dán an wò rí. Odindi orí kan ni mo dà nù.

Àròkọ rẹ̀ ti 2005 ni mo tẹ̀ lé: ká gbé iṣẹ́ láti inú mídíà kan sí òmíràn, ká pa mídíà pọ̀, tàbí kí ọ̀kan máa tọ́ka sí èkejì. Ti àkọ́kọ́ bá Lángbòdó mu wẹ́kú, eré tí Wálé Ògúnyẹmí fà yọ látinú ìwé Fágúnwà ti 1938. Ìyẹn ò ni wá lára.

Dùndún ló dá wàhálà sílẹ̀. Níbi ìgbéyàwó kan ní Kubwa l'Ábújá, bí ọkọ ìyàwó ṣe ń wọlé, onílù fi ìyáàlù dún re re mí. Mo gbà á sórí fóònù, mo sì padà gbé e fún mẹ́ta nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní "Ọkọ dé." Bàbá àgbà kan tó jókòó ti àwọn ìjòyè ní "Ọba dé." Ẹni tó wà nídìí agbè ní "Ẹmu tán." Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kò sẹ́ni tó ṣì í gbọ́. Aládùúgbò mi ará Zaria ní ijó lásán lòun gbọ́, pé kàlàngú, ìlù àwọn Hausa tiwọn, ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ àti ìlù ló pa pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó la ẹnu. Mo yí i sí ìtọ́kasí. Ìyẹn náà ò dúró, torí ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ni onílù ń lù. Rajewsky mọ̀ pé àwa èèyàn la fa ààlà sáàárín mídíà, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ níbi tí etí ò ti fa ààlà kankan.

Lars Elleström, onímọ̀ mídíà mìíràn, ló yọ mí. Ní 2010, ó ní ká wo ohun tí a fi ṣe mídíà, ẹ̀yà ara tó gbà á wọlé, àyè àti àkókò rẹ̀, àti bó ṣe ń ní ìtumọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kan náà ni fún ará Zaria àti bàbá àgbà. Ẹ̀kẹrin nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ orí tuntun.

Nítorí náà, kọ dò re mí sílẹ̀ kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Kí o sì bi olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èmi kó wọn jọ nígbà àkọ́kọ́: bàbá àgbà ní "Ọba dé," ni àwọn yòókù bá panu mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, láti Kubwa dé Nyanya.