Sí àbúrò wa ní Mákún tí àdúrà ò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú Màmá. Olúwa á fún ẹ lókun.

Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú fóònù láti dáhùn. O ní ọdún méjì rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Màmá dùbúlẹ̀, pé ìwọ lò ń wẹ̀ wọ́n, ìwọ lò ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, o tún gbọ́dọ̀ dé ọjà Fàlàwò kí àwọn oníbàárà tó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. O ní tẹ́lẹ̀ o máa ń jí ní aago méjì òru láti gbàdúrà, àmọ́ ní báyìí tí o bá kúnlẹ̀, ẹnu rẹ á wúwo, ọ̀rọ̀ kankan ò ní jáde. Àwọn tí ẹ jọ ń gbàdúrà ní ẹ̀mí kan ló dè ẹ́ lẹ́nu, kí o gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ méje. O wá bi wá pé, ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni?

Kò kọ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kí o rí ìyẹn ná kí o tó ka ìyókù, torí ó lè jẹ́ òru lo ti máa kà á, kí oorun sì gbé ẹ lọ láàárín ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún 2013 ni kíndìnrín ọkọ mi daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó là ń gbé, Ṣágámù la ti ń lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà tí owó bá wà, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí kò bá sí. Mo ta ilẹ̀ tí bàbá mi fún mi. Mo gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Mo lọ sórí òkè àdúrà, mo sun orí ẹní níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ mi obìnrin ló ń tọ́jú bàbá rẹ̀ nílé. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ṣì ń dùn mí di òní, torí wọ́n ní ó ń béèrè mi. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ló kú, òjò ń rọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ tí a sin ín, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ gbàdúrà wá kí mi. Ó jókòó, ó mu omi tí mo gbé fún un, ó ní, "Màmá, ká ní ìgbàgbọ́ yín pé ni, wọn ò ní kú." N kò dá a lóhùn. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá. Láti ọjọ́ yẹn, fún oṣù mọ́kànlá gbáko, n kò gbàdúrà. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, mo ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, mo ń dìde nígbà tí àwọn èèyàn bá dìde. Àmọ́ ètè mi ò mì. Tí wọ́n bá ní kí á gbóhùn sókè, èmi á máa wo ẹsẹ̀ ara mi.

Gàrí ni mò ń ṣe. Ìwọ náà tó jẹ́ ọmọ Rẹ́mọ mọ bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe ń rí: a máa bó ẹ̀gẹ́, a máa rín in, a máa dì í sí àpò, a ó wá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó lè kan dáadáa, ká tó fún omi rẹ̀ tán, ká jọ̀ ọ́, ká yan án. Ìdí agbada yẹn ni mo ti sunkún fún oṣù mọ́kànlá. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tó ń pa ẹ́ lẹ́kún. Èéfín igi wà, gbogbo wa lojú wa ń pọ́n, gbogbo wa là ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú. Màá fi igbá da gàrí lọ, màá dà á bọ̀, omi ojú mi á máa kán, màá sì máa sọ nínú mi pé, "Kí ló dé? Kí ló dé?" N kò mọ̀ nígbà náà pé mò ń gbàdúrà.

Ìyá ọkọ mi ló là mí lójú. Wọn ò mọ̀wé kà. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni wọ́n nígbà tí wọ́n sin ọmọ wọn, èyí àgbà nínú àwọn ọmọ tó kù fún wọn. Ní alaalẹ́, wọ́n á gbé àpótí wọn wá sí yàrá mi, wọ́n á jókòó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù láìsí ìwé lọ́wọ́, torí etí ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Wọ́n á wá fi àdúrà àṣálẹ́ inú Ìwé Àdúrà parí rẹ̀, èyí tó ń bẹ Olúwa pé kí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí òkùnkùn wa. Wọn ò bi mí pé kí ló dé tí n kò gbàdúrà. Wọ́n kàn ní, "Àmín nìkan ni kí o máa ṣe." Nígbà tó yá, mo sọ fún wọn pé àmín náà kò jáde. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Kò burú. Màá máa ṣe tìrẹ mọ́ tèmi." Láti alẹ́ yẹn, tí wọ́n bá parí àdúrà, wọ́n á ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, àmín kan fún wọn, àmín kan fún mi.

Ìwọ wo ohun tí à ń fi Sáàmù ṣe láàárín wa. Tí èèyàn bá ń rìnrìn àjò, a ní kí ó ka 121. Tí ọ̀tá bá dìde, a ní kí ó ka 35. Bí ẹni tó ń júwe àgbo. N kò bú u, èmi náà ń ka 121 kí n tó wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ sí ilé àdúrà, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n júwe 88 fún ẹnikẹ́ni. Lọ ka Sáàmù náà. Ẹsẹ méjìdínlógún ni. Hémánì ni wọ́n kọ pé ó ni ín. Ó ké pe Ọlọ́run lọ́sàn-án, ó ké pè é lóru, ó bi Í pé kí ló dé tó fi ta òun nù, kí ló dé tó fi pa ojú mọ́ fún òun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sáàmù ẹkún yòókù, tó bá yá, ìyìn á yọjú níparí wọn. Sáàmù 13 bi Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ẹsẹ méjì péré pé yóò ti pẹ́ tó, síbẹ̀ orin ló fi parí. Ti 88 kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkùnkùn ló parí sí. Kò sí halelúyà níbẹ̀. Àwọn tó kó Ìwé Mímọ́ jọ kò sì yọ ọ́ kúrò, wọn ò fi ẹsẹ ayọ̀ kan lẹ̀ ẹ́ nídìí. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ nínú òkùnkùn biribiri, Ọlọ́run gbà á, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Alẹ́ tí ìyá ọkọ mi kà á délẹ̀ ni mo ṣe àmín fúnra mi. Mo ní, "Mọ́ọ̀mi, ẹ tún un kà." Wọ́n tún un kà.

Yorùbá ní aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fún un lápá, á fún un lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni fún aṣọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àyálò yẹn bá mi mu ju gbogbo èyí tí mo ti fi ẹnu ara mi sọ látọjọ́ yìí. Jésù pàápàá yá ọ̀rọ̀ lò. Lórí àgbélébùú, nígbà tí ìrora dé góńgó, Sáàmù 22 ló fà yọ: "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?" Mátíù àti Máàkù kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, nínú ọgbà Gẹtisémánì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbàdúrà, Mátíù sì ní ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ nígbà kẹta.

Àbúrò mi, ìwọ tún wo ìbéèrè tí o bi wá. Ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ mí sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ Jésù gan-an ló jáde lẹ́nu rẹ, o kàn bi àwa tí kò lè dáhùn ni. Yí i padà, kí o bi Òun. Má tún un ṣe, má fi "Bàbá ọlọ́lá jùlọ" ṣáájú rẹ̀ tí kò bá wá látọkàn rẹ. Nínú báfù tí o ti ń fọ aṣọ Màmá, bi Í. Ìyẹn nìkan tó fún àdúrà òní.

Ẹni tó ní ẹ̀mí kan ló dè ẹ́ lẹ́nu, jẹ́ kó lọ ka Sámúẹ́lì Kìíní orí kìíní. Ètè Hánnà nìkan ló ń mì, ohùn ò jáde, Élì àlùfáà sì rò pé ọtí ló pa á. Àlùfáà ni o, nínú tẹ́ḿpìlì, ó sì ṣi obìnrin tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ wò. Pọ́ọ̀lù náà kọ sí àwọn ará Róòmù, orí 8, pé a ò mọ bó ṣe yẹ ká gbàdúrà, pé Ẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìrora tí a ò lè fi ẹnu sọ. Tó bá jẹ́ pé ìkérora lásán ló kù lẹ́nu rẹ, nǹkan kan náà ni Pọ́ọ̀lù ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́, má gbà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Obìnrin tí kì í sun oorun wákàtí mẹ́rin pé, tó ń gbé àgbàlagbà dìde, tó ń gbé e dùbúlẹ̀, kì í ṣe ẹni tí à ń fi ebi kún ti ara rẹ̀. Nígbà tí Èlíjà jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò bá a wí. Kò ní kí ó gba ààwẹ̀. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, àkàrà gbígbóná àti omi ló wà níbi orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún padà wá, ó tún fún un lóúnjẹ, ó ní ọ̀nà náà jìn jù fún un. Àwọn Ọba Kìíní orí 19 ló wà. Oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì àti oorun lẹ́ẹ̀mejì ló ṣáájú kí ohùn jẹ́jẹ́ tó dé. Wá ẹni tí yóò jókòó ti Màmá ní ọjọ́ Sátidé kan, kí o jẹ ìkòkòrẹ́ gbígbóná, kí o sùn títí oorun á fi tó ẹ.

Mo mọ ohun tó mú kó ṣòro fún wa láti sọ pé a ò lè gbàdúrà. Ìlú aládùúrà la ti wá. Ìyá tó bí ìyá ọkọ mi rí ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n ń pè ní lúkúlúkú ń pa èèyàn káàkiri. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Bàbá Shadare àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kóra jọ gbàdúrà, àwọn àti Sophia Odunlami, olùkọ́ tó ń wàásù pé kí àwọn aláìsàn lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti wá, tó di ọ̀kan nínú gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà tó gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lónìí. Ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀, ṣé òun ló máa ní ẹnu òun wúwo? Àmọ́ ohun tí ìyá ọkọ mi gbọ́ lẹ́nu ìyá tiwọn ni pé, ní ọdún yẹn kan náà, àwọn tó ń gbàdúrà ń sin òkú. Àwọn kan dìde, àwọn kan ò dìde. Ẹnikẹ́ni ò sì lọ bá ẹni tí òkú rẹ̀ ò dìde láti wọn ìgbàgbọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wọn gàrí.

Kóńgò kì í wọn ìgbàgbọ́, àbúrò mi. Ẹni tó bá tún gbé kóńgò wá bá ẹ, sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Oògùn Màmá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí o dáwọ́ rẹ̀ dúró láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀, Àìsáyà sì tún ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú eéwo rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ti lọ, ọdún 2019. Àpótí wọn wà nínú yàrá mi síbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ òní, màá jókòó sórí rẹ̀, màá ka Sáàmù 88 délẹ̀ fún ẹ, màá sì ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì. Tí oorun bá ti gbé ẹ lọ nígbà yẹn, má dìde. Kàn fi oríkì tí wọ́n ń pe Màmá nílé ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ ohun tí màá pè wọ́n níwájú Olúwa.