Tramadol, gìrì àti ìtọ̀ màlúù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin fi ọtí lo tramadol 225 méjì lálẹ́. Gìrì mú un, lẹ́yìn náà ó sùn lọ, ó ń hanrun gidi. Ìyá wa ní ká da àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Kí ló yẹ ká ṣe bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe epo pupa tàbí wàrà. Ẹni tó ti dákú kò lè gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ni nǹkan náà máa gbà lọ. Ti ìtọ̀ màlúù tiẹ̀ burú jù: ewé tábà inú rẹ̀ lè fa gìrì mìíràn, àgbo náà sì máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí gìrì bá ń mú un, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ láàárín eyín, ẹ má sì dì í mú. Ẹ kàn kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀.

Méjì tó lò yẹn jẹ́ 450 mílígíráàmù, bí ohun tí wọ́n kọ sára páálí bá jẹ́ òótọ́. Òpin fún àgbàlagbà jẹ́ 400 láàárín wákàtí 24, ìyẹn náà díẹ̀díẹ̀ ni. NAFDAC ò fọwọ́ sí èyí tó ju 100 lọ, nítorí náà 225 yẹn kò bófin mu.

Ìhanrun yẹn bà mí lẹ́rù ju gìrì lọ. Tramadol ń ru ọpọlọ sókè, ibẹ̀ ni gìrì ti ń wá, ṣùgbọ́n ó tún ń dín èémí kù, ọtí sì ń kún un lọ́wọ́. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá pé 12, tàbí tí inú ètè rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí ẹ pè é tí kò dáhùn, ẹ pe 112 tàbí kí ẹ wá ọkọ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ ká orúnkún òkè, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí kò bá mí mọ́, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ẹ fún imú rẹ̀ pa, kí ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún-márùn-ún. Ẹ mú páálí òògùn náà dání.

Ní ọsibítù, òògùn kan tó ń jẹ́ naloxone lè dá èémí rẹ̀ padà, àmọ́ kì í dá gìrì dúró. Agbára rẹ̀ máa ń tán láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90, tramadol á sì ṣì wà lára. Ẹ má gbé e sálọ sílé nítorí pé ó ti lajú.

Bó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ má tì í mọ́lé kó lè jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà; dókítà ló yẹ kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì ti dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ sọ fún un gbangba pé ara rẹ̀ ò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́.