Ẹ Bi Ìyá Oníwèé: Ìwé tí mo fi etí kà

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo wọn ló dá lórí ìwé olóhùn, ìyẹn ìwé tí ẹnìkan ti kà sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù. Ti àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, torí òun ló ní ìjà nínú.

*Ìyá Oníwèé, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Láti ìgbà tí oníbàárà mi kan ti bá mi wa ìwé olóhùn sórí fóònù ni mo ti ń gbọ́ ọ nídìí máṣíìnì. Mo ti gbọ́ ìtàn àròsọ, mo ti gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ńlá. Níbi ìsọmọlórúkọ kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìwé kan, mo ní mo ti kà á. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo ẹbí, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò kà á, wọ́n kà á fún yín ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Àmọ́ ọkàn mi náà ò balẹ̀, torí mo máa ń gbàgbé orúkọ àwọn tó wà nínú ìtàn. Ṣé òótọ́ lọmọ yìí sọ? Aránṣọ, Òṣogbo.*

Aránṣọ wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ bá mi bi àbúrò yín pé ta ló ń ka Bíbélì tàbí Kùránì fún ìyá ìyá yín. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló wà nílẹ̀ yìí tí kò dá lẹ́tà kan mọ̀, tó sì mọ Orin Dáfídì kẹtàlélógún lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì ṣi ẹsẹ kan. Mi ò tíì rí ẹni tó láyà láti sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kò mọ Sáàmù.

Kí n tó tẹ̀síwájú, kí ẹ mọ ibi tí mo dúró: ìwé ni mo ń tà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Oníbàárà tó bá ti gbọ́ ìwé tán lórí fóònù kì í sábà padà wá ra ti ọwọ́ mi. Bí mo bá gbè yín lẹ́yìn, kò sí èrè kankan níbẹ̀ fún mi.

Iṣẹ́ tó jọ tiyín ni wọ́n ń ṣe níbi tí àṣà kíkàwé sókè fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ti gbilẹ̀ jù. Ní Havana ní Kúbà, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Lùkùmí, ìran Yorùbá wa, wà, àwọn tó ń fi ọwọ́ wé sìgá ńlá máa ń wà lórí ìjókòó láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ wọn dí, etí wọn ò ṣe nǹkan kan. Ní 1865, ní ilé iṣẹ́ El Fígaro, wọ́n yan ẹnìkan láàárín ara wọn pé kó máa kàwé sókè. Àwọn yòókù ló ń dáwó fún un, kí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ má bàa di gbèsè sí i lọ́rùn. Kò pẹ́ tó fi ràn dé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn: wọ́n á ka ìwé ìròyìn, wọ́n á tún ka ìtàn àròsọ. Ìtàn Monte Cristo tí Alexandre Dumas ará Faransé kọ wọ̀ wọ́n lára débi pé ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ sìgá Montecristo ti wá. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1866. Ìjọba Sípéènì tó ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà fòfin de kíkàwé fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ojú àwọn tó ń wé sìgá yìí á là jù. Òfin náà ò rí àṣà yẹn pa, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ẹ bi àbúrò yín léyìí náà: bí ìwé tí ènìyàn fi etí gbọ́ kì í bá ṣe ìwé, kí ló kan ìjọba tó fi ń ṣòfin lé e lórí?

Ọmọ yunifásítì ni, á ní òun ò fẹ́ ìtàn, ìwádìí lòun fẹ́. Ìwádìí wà. Ní 2016, Beth Rogowsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó àgbàlagbà 91 jọ, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan gbọ́ apá kan nínú ìwé kan, àwọn kan fojú kà á, àwọn tó kù ń gbọ́ ọ bí ojú wọn ṣe ń lọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè lójú ẹsẹ̀, wọ́n tún bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ kan láàárín ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má tíì gbé fóònù láti fi àbúrò yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní 2010, David Daniel àti William Woody fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ kan náà; apá kan kà á nínú ìwé, apá kejì gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí ìdánwò dé, máàkì àwọn tó gbọ́ ọ kéré gan-an sí ti àwọn tó kà á. Ní 2022, Virginia Clinton-Lisell kó iṣẹ́ ìwádìí 46 jọ láti fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lápapọ̀, ọgbọọgba ni. Àmọ́ ojú ń borí bí òǹkàwé bá láǹfààní láti kà á bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì tún ń borí bí ìbéèrè bá jẹ́ ti ohun tí ìwé ò sọ síta, tó jẹ́ pé ènìyàn ni yóò rò ó já.

Ìdí rẹ̀ ò fara sin. Ẹni tó ń fojú kàwé máa ń dúró láì mọ̀ pé òun dúró. Á padà sórí ìlà méjì sẹ́yìn, á wo orúkọ kan lẹ́ẹ̀kejì, á gbójú sókè, á ronú. Ohùn ní tirẹ̀ dà bíi dánfó: bí o bá gbàgbé ẹrù, ó ti lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ àwọn ènìyàn inú ìtàn ń bọ́ sí lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe pé orí yín ò pé. Ẹ ò rí orúkọ náà rí ni, ẹ̀ẹ̀kan ló sì kọjá létí yín nígbà tí òwú já.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Bí ẹ bá ń ran ojú gbọọrọ tàbí tí ẹ ń ká etí aṣọ, ọwọ́ yín ti mọ iṣẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí ìtàn máa lọ. Bí ẹ bá ti gbé téèpù láti wọn àyà oníbàárà, tàbí tí ẹ fẹ́ gé léèsì olówó iyebíye, ẹ pa á. Orí kan ò lè máa ṣírò ínṣì kó tún máa wádìí ẹni tó pa ọba nínú ìtàn. Ìwé kékeré tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí orúkọ tuntun bá jáde, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe dún létí yín. Bí ẹ bá ṣì í kọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ yín láti fún un ní máàkì. Bọ́tìnnì tó ń dá ohùn padà sẹ́yìn díẹ̀ ni kí ìka yín mọ̀ jù. Èyí tó ń mú kí òǹkàwé sáré, ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń fi ìlọ́po méjì gbọ́ ọ, wọ́n á tún máa fọ́nnu. Ní tèmi, Yorùbá tí wọ́n bá fi eré sí, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ra wọn nìyẹn, kò yàtọ̀ sí ariwo.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí etí ń rí tí ojú ò lè rí. Ẹ mú àlọ́ tó ní orin nínú. Lórí ìwé, orin yẹn kàn jẹ́ ìlà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sínú díẹ̀ ni. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á kà á bí ẹni ń ka ìwé ìpè ìgbéyàwó. Àwa tí a bá rẹ́kọ́ọ̀dù ewì láyé, ti Ọlánrewájú Adépọ̀jù, ti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀, a ò kọ́kọ́ wá ìwé kí a tó mọ̀ pé ewì ni à ń gbọ́. Títí dòní, bí mo bá ṣí ìwé ewì ní sọ́ọ̀bù, ohùn ọ̀kan nínú wọn ni mo fi ń kà á nínú ara mi.

Ní ti àbúrò yín, ẹ ní kó sọ ohun tó rántí fún yín nínú ìwé kan tó kà tí kì í ṣe torí ìdánwò. Kẹ́ ẹ wá fi bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe gùn tó ránṣẹ́ sí mi.

*Ìyá Oníwèé, ọmọ mi obìnrin fẹ́ jókòó WAEC, Yorùbá sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ ka ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n yàn fún wọn. Ó ní ẹnìkan ti kà á sórí YouTube, pé bí òun bá ń fọ abọ́ lòun á máa gbọ́ ọ. Ṣé kí n gbà fún un? Bàbá Ọmọ, Àkúrẹ́.*

Kó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kó fi abọ́ sílẹ̀ ná, kí ìwé sì ṣí níwájú rẹ̀. WAEC ò ní gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀; kíkọ ni yóò kọ ìdáhùn sí wọn. Àwọn ọmọ tó ń wá ra ìwé ìdánwò lọ́dọ̀ mi, Yorùbá ẹnu wọn dá ṣáká. Ẹ wá ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ pẹ̀lú àmì. Etí ò lè kọ́ wọn níyẹn. Ẹ ní kó máa ka orí kan sókè fún yín lálẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ibi tó ti ń kọsẹ̀. Bó bá sì jẹ́ owó ìwé ló dá a dúró tí kò fẹ́ sọ, ẹ wá àlòkù. Ó wà lọ́jà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò yàtọ̀.

*Ẹ káàsán mà. Mo máa ń ka ìtàn àròsọ Yorùbá sórí YouTube, àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé Fágúnwà. Ọ̀rẹ́ mi ní ìwé àtijọ́ ni, pé kò sẹ́ni tó lè mú mi. Olóhùn Iyọ̀, Ìlọrin.*

Olóhùn Iyọ̀ ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ ò mọ òfin. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ní Nàìjíríà dáàbò bo ìwé fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ bá kú. Oṣù Kejìlá 1963 ni D. O. Fágúnwà kú. Ṣírò rẹ̀: ó di ìparí 2033 kí àwọn ìwé rẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. Kíkà á sókè fún gbogbo ayé sì wà lára ohun tí òfin náà bò, ì báà má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kan wà tí òfin ṣí sílẹ̀, ti àwọn afọ́jú ni. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwé olóhùn fún. Ní 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé tí wọ́n kà sórí rẹ́kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí wọn ní Bìrìtéènì, tó fi mọ́ àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àdéhùn Marrakesh tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2017, gba àwọn ẹgbẹ́ tó ní àṣẹ láyè láti ka ìwé sílẹ̀ fún àwọn tí ojú wọn ò lè kàwé. Bí o bá fẹ́ fi ohùn rẹ ṣe àánú, wá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. YouTube tí ẹni tójú rẹ̀ ríran kedere náà ń wò kò sí lábẹ́ ìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ìtàn lo kàn fẹ́ kà, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti lọ lo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá tó wà láyè ń wá sí sọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní, "Màmá, ṣé ó ń tà?" Kò tà. Kọ lẹ́tà sí irú wọn. Fi ohùn rẹ ránṣẹ́, ojú ìwé kan péré, kí wọ́n gbọ́ bí o ṣe ń kà á. Bí wọ́n bá gbà, kí àdéhùn wà lórí ìwé: ìwé wo, fún ọdún mélòó, àti bí ẹ óò ṣe pín owó ìpolówó bí YouTube bá bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí náà bi òǹkọ̀wé nípa ìyẹn kí o tó tan ẹ̀rọ.