Kí ló fa ìlà funfun tó yí òdòdó ká nínú àwọn àwòrán aláwọ̀ mèremère tí Blanche Lazzell fi pátákó gbígbẹ́ tẹ̀ sórí bébà?

Ojú ibi tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ lára pátákó ni ìlà funfun yẹn: ọ̀dà kì í dé inú rẹ̀, nítorí náà bébà máa ń funfun síbẹ̀.

Lazzell (1878–1956), ayàwòrán ọmọ West Virginia ní Amẹ́ríkà, kọ́ ọnà yìí ní Provincetown, Massachusetts, ní 1916. Pátákó kan ṣoṣo ló gba gbogbo àwọ̀. Ti àwọn ará Japan tó ṣáájú rẹ̀ sábà máa ń gba pátákó ọ̀tọ̀ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Wọn á ya ìkòkò òdòdó sórí pátákó, wọn á gbẹ́ ìlà tóóró yí ewé àti òdòdó kọ̀ọ̀kan ká, wọn á fi píìnì kan etí bébà mọ́ ọn kó má baà yẹ̀. Wọn á kun ewé kan, wọn á da bébà bò ó, wọn á fi ẹ̀yìn ṣíbí ra ẹ̀yìn bébà, wọn á tún ṣí i láti kun èyí tó kàn. Iṣẹ́ sùúrù gidi ni.

Omi inú ọ̀dà ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Tó bá pọ̀, ọ̀dà á ṣàn sínú ìlà, funfun rẹ̀ á dọ̀tí. Tó bá kéré, ọ̀dà á ti gbẹ kí bébà tó kàn án, àwọ̀ ò sì ní mú.

Ẹ̀dà méjì láti ara pátákó kan náà kì í sábà jọra délẹ̀, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń kùn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn àwòrán tí Lazzell fi ọ̀dà olóróró yà sórí kánfáàsì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.