Ásẹ́níìkì 210 nínú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín: ẹ má tíì pe katakata

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní Camborne, ní Cornwall ní England, láàbù sọ pé ásẹ́níìkì (arsenic, èròjà olóró kan) inú ọgbà yín jẹ́ 210 miligírámù nínú kílò erùpẹ̀ kan, ọmọ yín ọlọ́dún méjì sì ń fọwọ́ eléèpẹ̀ sẹ́nu. Ẹ ń bèèrè bóyá kí ẹ kó ilẹ̀ náà dànù, kí ẹ sì pe ẹni tó ta ilé lẹ́jọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo ti kó ilẹ̀ dànù rí, owó ńlá ló bá a lọ.

Redruth níbí ni èmi ń gbé. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ tí ìyàwó mi ń gbìn sínú ilé ọ̀rá ló mú mi ṣe àyẹ̀wò tèmi. 240 ló jáde. Mo wá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé 37 ni ìjọba fi ń yẹ ilé tó ní ọgbà ẹ̀fọ́ wò. Oorun dá lójú mi. Kò yé mi nígbà náà pé ilẹ̀ tó bá ju 37 lọ, ṣe ni wọ́n ní ká wádìí rẹ̀ sí i, wọn ò ní ó ti di májèlé. Mo pe àwọn oníkatakata, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n kó o lọ, owó tí a ti ń tù jọ láti fi ra ọkọ̀ sì bá a lọ. Mo bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. 310!

Bàbá aládùúgbò wa kan, tó ṣiṣẹ́ ní kùsà South Crofty títí wọ́n fi tì í ní 1998, ló là mí lóye. Ó ní ásẹ́níìkì ti wà ní Cornwall kí ẹnikẹ́ni tó wa kùsà níbẹ̀. Omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ló gbé e pẹ̀lú tánganran àti bàbà wọ inú pàlàpálá àpáta, tí wọ́n fi dì síbẹ̀. Àpáta yẹn náà ló ń jẹrà di erùpẹ̀ tí à ń tẹ̀. Mo ti ń gbẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ orísun rẹ̀ láìmọ̀.

British Geological Survey, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti àpáta, ṣírò rẹ̀ ní 2012: ní ibi tó pọ̀ jù ní England, ásẹ́níìkì tó wọ́pọ̀ nínú ilẹ̀ kì í ju 32 lọ, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ olókùúta kùsà bíi tiwa, ó ń lọ dé 290. 210 yín wà nínú ohun tí à ń bá níbí. Ìlànà ìjọba ti ọdún yẹn kan náà sọ pé a kì í ka irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ olóró àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Lójú tèmi, ẹjọ́ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ má wá torí ẹ̀ rò pé 290 ni ààlà ààbò. Ohun tó wà nílẹ̀ ló ń sọ, kò sọ èyí tí ara ọmọ lè gbà. Ásẹ́níìkì tó lẹ̀ mọ́ ìpẹtà irin nínú erùpẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í yọ́ nínú ikùn. Ẹ sọ fún láàbù pé ẹ fẹ́ mọ èyí tó lè yọ́. Ì bá ṣe pé mo mọ̀ ni, àyẹ̀wò yẹn ni ǹ bá fowó mi ṣe.

Ẹ bu erùpẹ̀ ní ibi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá súnmọ́ra, iṣẹ́ àpáta ni. Bí igun kan bá dá fò lọ sí ẹgbẹ̀rún méjì, pàǹtí kùsà ni. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń sun òkúta kùsà nínú ààrò kí ásẹ́níìkì lè yọ bí èéfín, wọ́n á gbá a jọ, wọ́n á tà á. Devon Great Consols létí odò Tamar wà lára àwọn tó ń tà á jù lágbàáyé ní ọ̀rúndún 19. Bí ilẹ̀ yín bá wà nídìí irú ààrò bẹ́ẹ̀, ẹ ké sí kánsù kíákíá.

Ẹ mẹ́nu kan àwọn ọmọ tó kú ní Zamfara ní 2010. Òjé ló pa àwọn ọmọ yẹn, wọ́n ju 400 lọ, nítorí inú agboolé ni wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà, eruku rẹ̀ sì bo ibi tí ọmọ ń rá. Tiyín kì í ṣe irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń gbà wọlé: ọwọ́ ọmọ sí ẹnu. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí ẹ gbá a, ẹ gbin koríko síbi tó bá ṣófo, ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun. Àpótí pákó tí mo kún fún erùpẹ̀ tí mo rà ni mò ń gbin ẹ̀fọ́ sí báyìí. A ń ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, a sì ń bó karọ́ọ̀tì.

Bó bá jẹ́ omi kànga lẹ ń mu, ẹ yẹ ìyẹn wò lọ́la kí ẹ tó padà sórí erùpẹ̀.