Waya dúdú ámpílífáyà mi ń gbóná janjan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ríwáyà. Yaba nílùú Oǹdó ni mò ń gbé, Camry 2004 ni mo sì ń gùn. Wọ́n bá mi so ámpílífáyà àti wúùfà méjì sí búùtù. Ó ń dún dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti ń lọ sí Àkúrẹ́ tí mo sì gbé orin sókè, kí n tó dé ìdajì ọ̀nà ni òórùn rọ́bà tó ń jóná á ti gba inú ọkọ̀. Mo fọwọ́ kan ìdí waya dúdú níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ bọ́dì, kíá ni mo fa ọwọ́ mi padà. Waya pupa kò gbóná, fíúsì kò sì já rí. Ẹni tó ṣe é ní kí n lọ ra fíúsì tó tóbi sí i. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Kí ẹ tó ka ìyókù pàápàá, ẹ lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ yọ fíúsì ńlá tó wà lára waya pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Kí orin sinmi ná. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni tánkì epo Camry yín wà, òórùn rọ́bà tó ń jóná nítòsí ibẹ̀ sì ń bà mí lẹ́rù.

Fíúsì kò já nítorí pé iná tó ń kọjá kò pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Gbogbo iná tó bá gba waya pupa wọlé sí ámpílífáyà gbọ́dọ̀ gba waya dúdú jáde, kó gba bọ́dì ọkọ̀ kọjá, kó tó padà dé orí négétíìfù bátìrì. Ọ̀nà àbọ̀ yẹn la ń pè ní áàtì. Bó bá há níbì kan, ibẹ̀ ló máa gbóná, fíúsì tó wà níwájú kò sì ní mọ̀. Bí ẹ bá wá fi èyí tó tóbi sí i, ẹ kàn ní kí ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé máa lọ sùn ni.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ámpílífáyà yín, ẹ ó rí fíúsì kéékèèké. Ẹ má gba iye wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí gbọ́, àwọn fíúsì yẹn ni kí ẹ kà. Bí ó bá jẹ́ 30 méjì, ámpílífáyà lè fa iná tó 60 áḿpù nígbà tí báàsì bá ń lù gidi. Ká wá ní ojú ibi tí waya ti kan bọ́dì ní ìdènà 0.05 óòmù péré: 60 lọ́nà 60 lọ́nà 0.05 jẹ́ 180 wáàtì. Ooru gílóòbù 60 wáàtì mẹ́ta nìyẹn, lójú ibi tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. 3 fóòtì á tún ṣòfò síbẹ̀, báàsì yín á sì máa dún bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ kan tó ní irú àìsàn yìí wọ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Road Block l'Ákùúrẹ́. Mo tú bóòtì tó di waya dúdú mọ́ bọ́dì. Lábẹ́ lọ́ọ̀gì, ìyẹn irin olójú òrùka tó wà lẹ́nu waya, ọ̀dà ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, ó ń dán. Ibì kan ṣoṣo tí bóòtì ti ha ọ̀dà, tí kò tó èékánná ọmọ ìkókó, ni irin ti kan irin, ibẹ̀ sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ojú èékánná yẹn ni gbogbo iná ń fún ara rẹ̀ gbà.

Ibi tó bá gbóná ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe waya. Bí gbogbo gígùn rẹ̀ bá gbóná bákan náà, waya ti tínrín jù. Bó bá jẹ́ ẹnu tó wọ ámpílífáyà, síkúrúù ibẹ̀ ló dẹ̀. Ìdí rẹ̀ lára bọ́dì ni tiyín, nítorí náà ojú ìsopọ̀ yẹn ni mo fura sí.

Ẹ kọ́kọ́ fi sípánà 10 yọ orí négétíìfù bátìrì. Ẹ wá irin bọ́dì tó nípọn tó sún mọ́ ámpílífáyà, kí waya dúdú má ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ bó bá ṣeé ṣe. Ẹ má lo ibi tí ìjókòó ti ń ṣẹ́ po. Bóòtì bẹ́líìtì ìjókòó ńkọ́? Láéláé, ẹ̀mí ni bóòtì yẹn ń ṣọ́. Bí ẹ bá máa lu ihò tuntun, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó ná, torí tánkì, páìpù epo àti páìpù bíréèkì. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi máa kọ mọ̀nà, kí ibi tí ẹ ha fẹ̀ ju lọ́ọ̀gì lọ díẹ̀. Ẹ fi wọ́ṣà eléyín sí i, ẹ dì í pinpin. Ìgbà tó bá ti le tán ni kí ẹ tó fi ọ̀dà tàbí Vaseline bò ó lókè, nítorí òjò tiwa níbí tètè ń mú irin tó wà níhòòhò dógùn-ún.

Waya dúdú kò gbọ́dọ̀ tínrín ju pupa lọ. Fún 60 áḿpù, ojúlówó kọ́pà géèjì 4 ni mo máa ń fi sí i (bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń kéré sí i ni waya ń nípọn sí i). Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí inú rẹ̀ bá funfun, àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ìyẹn kì í gbé iná tó kọ́pà, ẹ mú èyí tó fi ìwọ̀n kan tóbi sí i. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti yọ́ yẹn, ẹ má fi téèpù wé e, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá bátìrì àti fíúsì àtijọ́ padà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé orin sókè. Ẹ fi ọ̀kan nínú ọwọ́ méjèèjì mítà tó ń wọn fóòtì kan orí négétíìfù bátìrì, kí ẹ fi waya gígùn mú ìkejì dé ibi áàtì ámpílífáyà. Bí mítà bá ka 0.2 fóòtì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti dára. Bó bá ju 0.5 lọ, ẹ wo waya dúdú kékeré tó so bátìrì mọ́ bọ́dì níwájú, òun náà lè ti gbó.