Èsì: Ìkọ̀sílẹ̀ ní Texas fún ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ní Massachusetts

Ẹ kú àfaradà. Òfin àtijọ́ ni agbẹjọ́rò tó sọ fún yín pé ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Texas kò lè tú ìgbéyàwó tí ẹ̀yin obìnrin méjèèjì ṣe ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní 2005 ká ń sọ. Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2015, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Obergefell, tó mú kí gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìgbéyàwó obìnrin sí obìnrin tàbí ọkùnrin sí ọkùnrin wọlé, kò pọn dandan kí ẹ padà lọ gbé Massachusetts mọ́ kí ẹ tó lè kọ ara yín sílẹ̀.

Kìkì pé kí ọ̀kan nínú yín ti gbé Texas fún oṣù 6, kí ó sì ti lo 90 ọjọ́ ní káúńtì (àgbègbè bí ìjọba ìbílẹ̀) tí ẹ ti fẹ́ pẹjọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, 2005 ni kí ẹ kọ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ gẹ́gẹ́ bí ọdún ìgbéyàwó yín, ẹ má gbà kí wọ́n kọ 2015 tí ìdájọ́ náà wáyé, nítorí pé dúkìá tí ẹ kó jọ láàárín ìgbéyàwó ni ilé-ẹjọ́ máa pín, èyí tí ẹ kó jọ ṣáájú 2015 kò sì gbọdọ̀ yọ sílẹ̀.